Etí ni Bàbá mi fi ń wo fíìmù báyìí: èwo ló ṣeé gbọ́ nínú àwọn tuntun wọ̀nyí?

Àdùkẹ́ Aláǹkárá (Àìkú, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Bàbá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Glákómà ti mú ojú ọ̀tún lọ pátápátá, ti òsì kò ju kí wọ́n fi mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú lọ. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ojú wọn ṣì dá, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́ ní pálọ̀ wa. Wọn ò tíì fi àṣà yẹn sílẹ̀. Aago mẹ́jọ bá ti lù, wọ́n á ní, "Àdùkẹ́, kí la fẹ́ wò lónìí?" Wíwò ni wọ́n ń pè é o. Èmi náà ò jẹ́ fi orúkọ mìíràn pè é.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọ̀ bò mí: mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ fíìmù. Aṣọ ni mò ń tà. Mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo délé, mo jẹun, mo wo ohun tó bá wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń bá Bàbá wò, ó ti hàn sí mi pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti ń yìn kiri, ojú mi nìkan ló ń jẹun níbẹ̀. Ebi ni etí ń sùn.

Aníkúlápó ti ọdún 2022. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí Bàbá tó dé. Aṣọ òfì, ilé alámọ̀, ojú tí Bímbọ́ Adémóyè fi ń wo Kúnlé Rẹ̀mí! Ẹ wá bá ẹni tí kò ríran wò ó. Ibi tí ẹyẹ àkàlà ti jí òkú Sàró tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, ibi tí gbogbo ayé ń sọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó la ẹnu níbẹ̀. Orin, atẹ́gùn, orin. Bàbá dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?" Èyí tí wọ́n tún ṣe ní apá mẹ́fà lọ́dún 2024, a ò parí rẹ̀. Èmi gan-an ni mo sùn lọ ní apá kẹta, kí n má purọ́.

Jagun Jagun (2023). Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni mo ní kó máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún bàbá àgbà. "Wọ́n ń jà." Ó pẹ́ díẹ̀. "Wọ́n ṣì ń jà." Bàbá ní ta ló ń borí. Ó ní, "Mi ò mọ̀, gbogbo wọn ló wọ awọ."

House of Ga'a (2024). Bàbá mọ ìtàn yìí débi pé wọ́n ń sọ ohun tó kàn kó tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń bínú bí kò bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Fẹ́mi Branch ṣe Gáà dáadáa, ohùn rẹ̀ wúwo bí ọlọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka káàdì ìgbéyàwó.

Elesin Oba (2022). Èyí nìkan ni Bàbá jókòó tààrà fún. Nígbà tí Brymo olórin, tó ṣe Olóhùn-iyọ̀ tó ń ki Ẹlẹ́ṣin, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn pe Ẹlẹ́ṣin, wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ìgbà tí àwọn òyìnbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wá obì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí: fíìmù wo ni ẹni tí kò ríran lè gbádùn? Báwo ni a ṣe lè ṣe é kí ìlù àti orin má máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Ẹni tó bá sì ti ṣe irú iṣẹ́ tí mo gbé lé ọmọ mi lọ́wọ́ yìí rí, kó jọ̀ọ́ wí.

Ọmọ Jogbo (Àìkú, 9:03 alẹ́)

Ṣaworoidẹ. Ẹ tì í sí i lálẹ́ yìí. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ sọ.

Bísọ́lá n'Íbàdàn (Àìkú, 9:20 alẹ́)

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń wí i tipẹ́ pé fíìmù ìsinsìnyí, bí ẹ bá pa àwòrán rẹ̀, kò sí ohun tó máa kù. Gbogbo rẹ̀ ni aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni iná tó ń bù yẹ̀rì látọwọ́ babaláwo. Kí ẹ padà sí ti Túndé Kèlání ló dáa. Ẹ mú Ṣaworoidẹ ti 2002 yẹn, ẹ mú Mágùn. Bàbá á gbádùn Mágùn gan-an, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Àìkú, 10:11 alẹ́)

Àbúrò mi Bísọ́lá, o ṣeun, ṣùgbọ́n jẹ́ ká tò ó dáadáa kí wọ́n má lọ ra ohun tí wọn ò fẹ́. Ọdún 1999 ni Ṣaworoidẹ jáde. Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀lé e, ni ti 2002. Mágùn tí o dárúkọ, èdè òyìnbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí bàbá bá ń wá obì nítorí òyìnbó inú Elesin Oba, igbá obì odindi ni wọ́n máa jẹ tán kí Mágùn tó parí.

Ìdí tí Ṣaworoidẹ fi yẹ fún bàbá kì í ṣe pé ó jẹ́ ti àtijọ́. Ohùn ni ìtàn náà dúró lé. Lápitẹ́ gorí oyè láìjẹ́ kí wọ́n ṣe ètùtù tó so ọba pọ̀ mọ́ adé àti ìlù. Bí wọ́n bá lu ìlù tí ṣaworo idẹ wà létí rẹ̀ nígbà tí adé wà lórí ẹni bẹ́ẹ̀, orí fífọ́ ni yóò pa á. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí òǹwòran máa ṣọ́ jálẹ̀ eré, etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ríran kò ju ẹni tí kò ríran lọ níbẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ sì wá fi Adébáyọ̀ Fálétí sí i gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ọ̀pálábá, ẹni tó jẹ́ pé òwe ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀.

Ó Le Kú náà wà níbẹ̀, ọdún 1997, láti inú ìwé Ìṣọ̀lá kan náà. Àjàní àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kò sí ẹni tó ń jà.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rántí ohun tí obìnrin yìí béèrè. Ó ní àwọn TUNTUN. A ò lè máa sá padà sí 1999 ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè ìbéèrè. Kúnlé Afọláyan tó ṣe Aníkúlápó, inú Ṣaworoidẹ yẹn kan náà lòun ti bẹ̀rẹ̀ eré ṣíṣe. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.

Aláṣọ Òfì Ìsẹ́yìn (Ajé, 6:15 òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka èyí lánàá, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n oorun ò jẹ́ kí n gbádùn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, etí ni mo fi ń wo gbogbo fíìmù láti bí ọdún mẹ́fà. Ojú mi ríran o! Ìdí òfì ni mo máa ń wà láti òwúrọ̀. Bí mo bá gbé ojú kúrò lára òwú, sányán á di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, eré á máa lọ, èmi á máa hun.

Aníkúlápó kì í ṣe fíìmù tí etí kò rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀, Àdùkẹ́, ẹ má bínú. Ẹ tẹ́tí sí Ṣọlá Sobọ̀wálé nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Awarun. Olówó obìnrin tó mọ̀ pé òun lówó. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yẹn, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ mẹ́ta níbí, a ń hun aṣọ fún wọn. Ẹ tún tẹ́tí sí Sàró nígbà tó dé Ọ̀yọ́ láti Gbọ̀ngán tó ń wá iṣẹ́, àti nígbà tó ti di Aníkúlápó tí ìlú ń wárí fún un. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ti ń fi imú fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn èèyàn. Mo gbọ́ ìgbéraga yẹn kí n tó gbé ojú wo ojú rẹ̀.

Ohun tí mo gbà pẹ̀lú yín ni ibi àkàlà. Èmi náà pàdánù rẹ̀, àfìgbà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi pariwo ni mo tó mọ̀ pé òkú ti dìde. Irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ ti wò ó tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò dá a dúró kí ẹ sọ fún bàbá?

Ẹ sì jọ̀ọ́, fún àwọn tó máa ń kọ ọ́ kiri, àkàlà kì í ṣe igún. Mo ti rí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbá Kékeré (Ajé, 12:40 ọ̀sán)

Kò sí ẹni tó dárúkọ Lísàbí. Ó dùn mí, ó sì tún tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Apá kìíní jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024, èkejì ní oṣù kìíní 2025. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, wọ́n tọ́ mi dàgbà lórí ìtàn yìí. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí nílé wa. Ọ̀yọ́ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn Ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba wọn, wà káàkiri ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lísàbí kò fi idà bẹ̀rẹ̀. Aáró ló fi bẹ̀rẹ̀: lónìí gbogbo wa lọ sí oko tìrẹ, lọ́la a lọ sí oko tèmi. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rò pé àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti tóbi tán, wọ́n dìde sí àwọn Ìlàrí ní ìlú kan dé èkejì, ó di pé Ẹ̀gbá gba ara wọn.

Ìtàn tó dùn tó báyìí, ọgbọ́n ló gbé e dúró. Fíìmù náà sì yára fò kọjá aáró kó lè dé ibi ìjà. Mo fẹ́ gbọ́ bí Lísàbí ṣe ń yí àgbẹ̀ kan lérò padà lóko, ní ìdí ẹ̀bẹ, tí òógùn ń bọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ogun gan-an.

Èkejì, ohùn. Ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá dà? Bí bàbá Àdùkẹ́ bá fi etí wò ó, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé Ẹ̀gbá ń bá Ọ̀yọ́ jà? Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Látééfù Adédiméjì gbìyànjú, mi ò bá a jà, òun ló sì fi owó àti ara ṣe é.

Fún bàbá, ẹ fi òun kan náà sí i nínú Ayinla ti Túndé Kèlání, ọdún 2021. Tuntun nìyẹn o, Olùkọ́! Ayinlá Ọmọwúrà, àpàlà, Abẹ́òkúta, títí dé ilé ọtí tí wọ́n ti pa á ní 1980. Bí bàbá bá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin, wọ́n ti jó sí i rí.

Ọmọ Àtìbà (Ajé, 2:05 ọ̀sán)

Ẹ̀gbá Kékeré, a kú ìyà Ọ̀yọ́ tí ẹ kò gbàgbé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méjì ààbọ̀ ọdún.

Bí wọ́n bá ní kí Ẹ̀gbá sọ Ẹ̀gbá, kí Ìjẹ̀bú sọ Ìjẹ̀bú, ta ni yóò gbọ́? Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Àkókó. Bí ìyá rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń bú. Ọ̀rọ̀ fíìmù, ẹni tó pọ̀ jù ni wọ́n ń wò.

Lórí Gáà, mo gbè sẹ́yìn bàbá. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́. Baṣọ̀run ni, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ó fi ọba jẹ, ó sì mú ọba wàjà, kí Abíọ́dún tó bá a pàdé ní 1774 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọ̀yàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani nínú ìtàn yẹn bí ìdákẹ́jẹ́ àwọn tó yí Gáà ká. Wọ́n mọ̀, wọn ò lè sọ. Fíìmù náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Bí wọn ò jà, wọ́n wà lórí ibùsùn.

Elesin Oba tí bàbá fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Kí Wọlé Ṣóyínká tó kọ tirẹ̀ ní èdè òyìnbó lọ́dún 1975, Dúró Ládípọ̀ ti fi ìtàn kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi jókòó lẹ́nu àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀, lójú tèmi: ilé ló ti jáde, ilé ló padà sí. Ọdúnladé Adékọ́lá tí gbogbo wa mọ̀ sí apanilẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú. Ó dùn mí pé Bíyìí Bándélé tó darí rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ 2022, kí ayé tó rí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀gbá Kékeré (Ajé, 2:19 ọ̀sán)

Ìyàwó yín ń bú yín ni. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá la sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Agége (Ajé, 7:30 alẹ́)

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò lórí Netflix, ẹ kú owó o. Lórí YouTube ni èmi ti ń wò tèmi, mo sì ní ìmọ̀ràn tó máa ṣiṣẹ́ fún bàbá ju gbogbo èyí tí ẹ ti ń kà sílẹ̀ lọ.

Àwọn fíìmù Yorùbá orí YouTube, ọ̀pọ̀ òṣèré ló ti ní ojúlé tirẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Owó tí wọ́n fi ń ṣe é kò tó nǹkan. Kò sí ẹṣin, kò sí ààfin, kò sí ogun. Pálọ̀ kan, ìyá ọkọ kan, ìyàwó kan, àṣírí kan. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á sọ̀rọ̀! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ ni. Mo máa ń dáná ẹ̀wà, mo máa ń fọ aṣọ àwọn ìbejì, mi ò pàdánù ohunkóhun.

Nítorí dátà, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe mọ́ tó, ẹ mú un wá sí 144. Àwòrán á di ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á ṣì ṣeé gbọ́ ketekete. Bàbá kò kúkú nílò àwòrán. Fíìmù wákàtí méjì kò ní jẹ dátà yín bí iná.

Bísọ́lá n'Íbàdàn (Ajé, 7:44 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ariwo inú àwọn yẹn á gbé bàbá lọ o. Igbe ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Bí ọkọ bá wọlé, igbe. Bí ó jáde, igbe. Àwọn ìpolówó tó sì ń já lu eré láàárín, èyíkéyìí nínú wọn ló lè mú arúgbó ta gìrì.

Ìyá Ìbejì Agége (Ajé, 7:51 alẹ́)

Òótọ́ ni ti ìpolówó. Ti igbe, ẹ yan òṣèré. Kì í ṣe gbogbo wọn.

Délé Alásáúńdì (Ìṣẹ́gun, 10:02 òwúrọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ̀rọ ohùn ni iṣẹ́ mi, òde àríyá àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó tíì dáhùn ìbéèrè yín kejì, ìyẹn ni mo ṣe wọlé.

Orin tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà púpọ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bi fíìmù. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti ń yan èdè nígbà tí eré bá ń lọ. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 5.1 sí iwájú Yorùbá, tí ẹ ò sì ní ju sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n lọ, ibẹ̀ ni wàhálà sábà máa ń wà. Nínú 5.1, ọ̀nà ohùn mẹ́fà ni wọ́n pín ohùn sí, àárín ni wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí jù. Tẹlifíṣọ̀n yín kò ní sípíkà àárín, ó kàn ń rún gbogbo rẹ̀ pọ̀, orin á wá gun ọ̀rọ̀ lórí. Ẹ yan èyí tí kò ní 5.1 bó bá wà.

Lẹ́yìn náà, inú ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Speech tàbí Clear Voice sí. Ẹ dín bass kù, nítorí ibẹ̀ ni ìlù wà. Bí ẹ bá fẹ́ lo sípíkà kékeré tó ń lo Bluetooth, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn bàbá. Iwájú wọn, kó dọ́gba pẹ̀lú etí, kó má ju apá méjì lọ sí wọn. Agbára ohùn kọ́ ni àgbàlagbà ń wá. Bí ẹ bá kàn ń gbé e sókè, ìlù náà ń lọ sókè pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ìjẹ̀ṣà ní Peckham (Ìṣẹ́gun, 11:48 alẹ́)

Mo ti ṣe iṣẹ́ tí ọmọ Àdùkẹ́ ń ṣe yìí. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é fún ìyá mi, orí fóònù pàápàá: èmi ní London, àwọn ní Iléṣà, a ó tẹ eré lẹ́ẹ̀kan náà, màá máa sọ ọ́.

Ọmọ yẹn kò burú, wọn ò kọ́ ọ ni. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi nìyí, ìbáwí ni wọ́n fi kọ́ mi. Má sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ òṣèré lórí láéláé. Dúró títí wọ́n á fi dákẹ́, kó o wá yára sọ tìrẹ. Kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é, kó o tó sọ ohun tó ṣe. "Wọ́n ń jà" kì í ṣe ìròyìn. Ta ló ju ta lulẹ̀, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ àbí kò bọ̀? Bí ẹnì kan bá wọlé tí kò sọ̀rọ̀, sọ fún mi pé ó wọlé. Bí ó bá wọ aṣọ, sọ irú aṣọ. Ìyá mi lè gbàgbé orúkọ òṣèré, wọn ò ní gbàgbé pé ẹtù ló wọ̀. Èyí tó le jù: o ò gbọdọ̀ sọ ohun tí o RÒ. "Ó dà bí ẹni pé òun ló pa á, Mọ́mì." Ha! Wọ́n á ní, "Ṣé mo bi ọ́?"

Ọmọ mi obìnrin tí a bí síbí máa ń ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, á ní kò rí ohun tó pa èmi àti màmá àgbà lẹ́rìn-ín. Òwe tó gba èémí mẹ́ta lẹ́nu òṣèré, ìsàlẹ̀ á sọ ọ́ di gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Kò jẹ̀bi.

Àwọn ti Fúnkẹ́ Akíndélé náà dùn létí, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ẹnu ló wà. A Tribe Called Judah ti oṣù kejìlá 2023, fíìmù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá Nàìjíríà, ìyá mi rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi ní kí n dá a dúró.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ọjọ́rú, 5:55 òwúrọ̀)

Ó dùn, ṣùgbọ́n òyìnbó àti pijin ló pọ̀ jù nínú ìyẹn náà. Ẹ ra obì sílẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́rú, 9:10 òwúrọ̀)

Kí ẹnikẹ́ni má fi Gangs of Lagos ti 2023 sí iwájú bàbá o. Ohun tí wọ́n fi Ẹ̀yọ̀ ṣe níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Adámú Òrìṣà ni ìyẹn, ìyẹ́sí òkú àgbà ni, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ apànìyàn. Ìjọba Èkó bínú, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó pe ẹjọ́.

Ọmọ Jogbo (Ọjọ́rú, 9:13 òwúrọ̀)

Ta ló dárúkọ rẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (Ọjọ́rú, 9:15 òwúrọ̀)

Kí wọ́n má tíì dárúkọ rẹ̀ ni mo ṣe sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Aláǹkárá (Àbámẹ́ta, 10:27 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Délé, Ọlọ́run á gbé ẹ ga. 5.1 ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Mo yí i, mo dín bass kù, mo gbé sípíkà lé orí àpótí aṣọ níwájú Bàbá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n yọ òwú kúrò létí èmi gan-an.

Ajé la wo Ṣaworoidẹ. Mi ò mọ̀ pé Bàbá gbọ́ ìlù tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú eré tó sọ ohun tí ìlù wí, wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan. Ọjọ́rú la wo Ayinla, wọ́n kọ orin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìtàn òde kan ní Ìta Ẹ̀kọ tí mi ò lè kọ síbí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti fi Ó Le Kú sí i, mo ti jókòó. Bàbá ní, "Níbo lẹ gbé ọmọ tó ń bá igi sọ̀rọ̀ sí?" Mo ní ọmọ wo. Wọ́n ní, "Gbótijà! Ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀ bó ṣe parí." Jagun Jagun tí mo ti pa tì! Mo ní, "Bàbá, mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀." Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa, pé ọfọ̀ inú rẹ̀ dùn, pé ohùn Fẹ́mi Adébáyọ̀ nígbà tó ń ṣe Ògúndìjì rán àwọn létí ọ̀gá kan tí àwọn bá ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ tó ń ròyìn fún àwọn ló bí àwọn nínú.

Mo bá ka ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham sí ọmọ náà létí, gbogbo rẹ̀. A tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọmọ mi! "Gbótijà gbé ọwọ́ lé igi. Ògúndìjì dúró lẹ́yìn." Bàbá ní, "Apá ọ̀tún tàbí òsì?" "Òsì, bàbá àgbà. Awọ ló wọ̀. Awọ ẹran tó ní irun." Àwọn méjèèjì sọ ọ́ di iṣẹ́. Ọmọ náà ti ní igba náírà ni òun ń gbà lórí fíìmù kan, Bàbá sì ti san ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aláṣọ Òfì, a ó padà sí Aníkúlápó lọ́la. Màá dá a dúró níbi àkàlà.

Ìbéèrè kan ló kù. Bàbá ní àwọn fẹ́ Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1993, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí Bàbá Wándé. Apá kẹta tí mo rí, ohùn rẹ̀ ń hó bí omi ẹ̀kọ. Ta ló ní èyí tó mọ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Àbámẹ́ta, 10:41 alẹ́)

Mo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí káṣẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ gaara. Ẹ̀rọ tí a ó fi wò ó ni kò sí mọ́.

Délé Alásáúńdì (Àbámẹ́ta, 10:44 alẹ́)

Olùkọ́, níbo lẹ wà? Mo ní ẹ̀rọ náà.